Kí ló mú kí Emma fẹ́ ọba tó gba ìtẹ́ ọkọ rẹ̀?

Obìnrin kan tó ń gbé ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ní àsìkò ìsinmi tó kọjá, mo kó àwọn ọmọ mi lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Winchester. Wọ́n fi àwọn àpótí kan hàn wá tí egungun àwọn ọba àtijọ́ wà nínú wọn, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí egungun olorì kan tó ń jẹ́ Emma wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ọba méjì tó jẹ lórí ìtẹ́ kan náà. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, bi mí pé báwo ni obìnrin náà ṣe lè fẹ́ ẹni tó gba ìtẹ́ ọkọ rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ tó bí fún ọkọ àkọ́kọ́ ń jìyà lẹ́yìn odi. Mo dá a lóhùn pé opó ṣíṣú ni, bíi tiwa, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìdáhùn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n fi ipá mú un ni, àbí adé ló fẹ́ràn ju ọmọ lọ?"

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, arábìnrin mi, ẹ sì bá mi kí ọmọbìnrin yín fún làákàyè rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn àwọn ọba Yúróòpù láyé àtijọ́, ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n sì máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí a bá kan Emma, pàápàá àwọn tó ti bímọ nínú wọn. Pé ó tún ọkọ fẹ́ kò dùn wọ́n púpọ̀; pé ó dà bí ẹni tó kẹ̀yìn sí ọmọ inú rẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ó dun èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, n kò sì ní dá yín lóhùn bí ẹni pé kò yẹ kó dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì tí ẹ là sílẹ̀ yẹn, ipá tàbí ìfẹ́ adé, ti há jù fún ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ opó ṣíṣú kúrò lọ́nà, nítorí òun ló lè ṣi ọmọ náà lọ́nà jù. Nílé wa, bí ọkọ bá kú, àbúrò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn nínú ìdílé rẹ̀ ló máa ń ṣú opó rẹ̀, kí obìnrin má baà kúrò nínú agboolé tó bímọ sí, kí àwọn ọmọ sì lè dàgbà sábẹ́ òrùlé bàbá wọn. Cnut tó fẹ́ Emma kì í ṣe ẹbí Æthelred ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́nàkọnà. Ọmọ ọba Dẹ́ńmáàkì ni. Òun àti Swein bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1017 tó gbé Emma níyàwó yẹn kan náà ni wọ́n pa Eadwig, ọmọ tí Æthelred bí kí ó tó fẹ́ Emma, Cnut ló sì pàṣẹ rẹ̀. Àwọn ọmọ jòjòló tí Edmund, ọmọ Æthelred mìíràn, fi sáyé lọ di èrò ilẹ̀ òkèèrè títí wọ́n fi bá ara wọn ní Họ́ńgárì. Opó ṣíṣú máa ń so ìyá àti ọmọ mọ́ agboolé kan ṣoṣo; ìgbéyàwó yìí mú ìyá wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ síta.

Kí a tó lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní 1017, a ní láti mọ bí ó ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Kìíní, aláṣẹ Normandy, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ló bí i, Gunnor ìyá rẹ̀ sì wá láti ìran àwọn ará Dẹ́ńmáàkì. Àṣà Dẹ́ńmáàkì ni bàbá rẹ̀ fi kọ́kọ́ mú Gunnor sọ́dọ̀, kò sí àlùfáà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Rouen ni wọ́n tó lọ so yìgì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Emma dàgbà sí, níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé obìnrin tí aláṣẹ kàn mú sọ́dọ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú obìnrin tí ìsìn fọwọ́ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò tún yọjú níwájú. Ní àkókò náà, àwọn ajagun orí òkun láti Dẹ́ńmáàkì àti Nọ́wè ń kó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nífà, àwọn èbúté Normandy sì ni wọ́n máa ń yà sí láti sinmi àti láti ta ìkógun. Póòpù ti bá wọn parí ìjà láàárín ilẹ̀ méjèèjì ní 991, àdéhùn náà kò sì mú ogun rọlẹ̀. Ní 1002, ọdún tí Æthelred san 24,000 pọ́ùn fàdákà fún àwọn ajagun kí wọ́n lè fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ni ó fẹ́ Emma lọ́wọ́ Richard Kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti jogún Normandy. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ní orúkọ fún irú ìyàwó bẹ́ẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń hun àlàáfíà.

Bí ó ṣe dé ni wọ́n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Ælfgifu ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá bàbá ọba tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún bí ẹni mímọ́, ó sì tún jẹ́ orúkọ ìyàwó tí Æthelred ní ṣáájú rẹ̀. Ẹ ronú wò ná: ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọdá òkun, wọ́n gbé orúkọ ìyálé wọ̀ ọ́ bí aṣọ, orúkọ yẹn náà ló sì fi ń jẹ́rìí sí ìwé àṣẹ ọba títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, Æthelred pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tó ń gbé nílẹ̀ rẹ̀. Ní 1003 Swein gba ìlú Exeter, tó wà lára ohun tí ọba fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún Emma, àwọn akọ̀wé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé Hugh, ọkùnrin Faransé tí olorì fi ṣe alábòójútó ibẹ̀, ló fà á. Aṣọ àlàáfíà tí wọ́n ní kó wá hun já mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọdún kan, ẹ̀bi sì kọ́kọ́ bọ́ sórí àjèjì. Ó bí Edward, Alfred àti Godgifu fún Æthelred. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyálé tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n lè gun ẹṣin lọ sógun, wà níwájú Edward, nítorí náà kò sí ìgbà kan tí ìtẹ́ fi jẹ́ ti ọmọ Emma láìsí àríyànjiyàn.

Nígbà tí Swein ṣẹ́gun ní 1013, Emma sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Normandy, wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ bá a. Swein kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1014, wọ́n pe Æthelred padà, ọmọ rẹ̀ kékeré, Edward, ló sì rán ṣáájú pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ láti lọ bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, 1016 ni Æthelred kú nígbà tí Cnut ti gbé ogun dé. Edmund ọmọ rẹ̀ ja ìjà akin, ṣùgbọ́n òun náà kú ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá ọdún yẹn, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bọ́ sọ́wọ́ Cnut.

Ibi tí ìbéèrè yín wà gan-an nìyí, agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá sì ni àgbà òṣìkà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn ẹlẹ́rìí. Àwọn akọ̀wé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1017 tó pé, ọba pàṣẹ pé kí wọ́n lọ mú opó ọba àná, ọmọ Richard, wá fún òun láti fi ṣaya. Akọ̀wé Normandy kan tó kọ tirẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé inú London ni Cnut ti mú un jáde, tí ó sì fi wúrà àti fàdákà tó wọ̀n tó o san fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Mọ́ńkì kan láti Saint-Omer, tí Emma fúnra rẹ̀ ní kó kọ̀wé, ní Cnut wá ìyàwó káàkiri ni, ó sì fi ẹ̀bùn àti ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀ àfi tí ó bá búra pé kò ní fi ọmọ obìnrin mìíràn jọba lẹ́yìn òun bí Ọlọ́run bá fún wọn ní ọmọkùnrin. Nínú ìtàn kìíní, wọ́n lọ mú un wá bí ẹni mú ẹrù. Nínú ìkejì, wọ́n rà á. Nínú ìkẹta, òun ló ń pàṣẹ. Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún.

Ohun tí èmi máa ń gbé sórí ìwọ̀n ni òfin ìgbà náà. Ní 1008, lábẹ́ Æthelred, wọ́n ṣe òfin pé kí opó wà láìlọ́kọ fún oṣù méjìlá, lẹ́yìn náà kí ó yan ohun tó bá wù ú. Wulfstan, bíṣọ́ọ̀bù àgbà York, ló kọ òfin náà, òun náà ló tún wá kọ òfin Cnut, èyí tó fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá fa obìnrin fún ọkùnrin tí kò wù ú, kí wọ́n má sì tà á fún owó. Láti ikú Æthelred sí ìgbéyàwó kejì jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó gbé e níyàwó dúró kí àkókò opó pé, ó sì fẹ́ kí ayé rí i pé òun tẹ̀lé òfin ilẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Èyí kò fi hàn pé Emma ní òmìnira bí ẹ̀yin àti èmi ṣe mọ ọ́n. Ó fi hàn pé Cnut nílò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olorì tó ní iyì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìkógun.

Kí ló nílò rẹ̀ fún? Edward àti Alfred wà ní Normandy, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, ìtọ́jú ọmọ ọba ni wọ́n sì ń rí gbà níbẹ̀; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà. Bí Richard Kejì bá gbé ọkọ̀ ojú omi jáde nítorí wọn, ìtẹ́ Cnut yóò mì. Bí àbúrò Richard bá wá di ìyàwó Cnut, tí ọmọ tuntun sì ń bọ̀, Richard kò ní ìdí láti jà mọ́. Emma náà mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ó ní ilẹ̀ àti ilé tirẹ̀, títí kan èyí tí Æthelred fún un ní Winchester ní 1012. Ní ti ohun tí òun alára lè ṣe, ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Ó lè padà sí Normandy, kí ó jókòó sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí opó tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́, kí ó máa wojú ìyàwó ilé. Ó lè wọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ælfthryth, ìyá Æthelred, ṣe lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní Wherwell. Tàbí kí ó gba Cnut. Ọ̀nà kẹta nìkan ló lè dá ipò olorì padà fún un, ó sì ní orogún nínú: Cnut ti ní obìnrin kan láti Northampton, tí òun náà ń jẹ́ Ælfgifu, tó ti bí Swein àti Harold fún un. Ohun tí Gunnor ìyá rẹ̀ kọ́ ọ wúlò níhìn-ín. Ó jókòó sí ipò ìyàwó tí ìsìn fọwọ́ sí, ó sì gba ìbúra nítorí ọmọ tí kò tíì lóyún rẹ̀.

Èrò mi nìyí, mo sì ń sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ìdúnàádúrà ni Emma ṣe, pẹ̀lú ẹni tó ní idà lọ́wọ́, òun náà sì ní nǹkan lọ́wọ́ tí olúwarẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ Edward àti Alfred sí ìtẹ́ wà lára owó tó fi san án. Bí ìbúra yẹn bá ṣẹlẹ̀ bí mọ́ńkì náà ṣe sọ ọ́, ó dínà mọ́ àwọn ọmọ orogún, ó sì dínà mọ́ àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ti bí. Ó lè jẹ́ pé ó rò pé ọ̀nà náà ti dí tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀mí wọn lòun ń rà, nítorí ó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Eadwig. Ọmọ tí Cnut kò bẹ̀rù lè pẹ́ láyé ju ọmọ tó bẹ̀rù lọ. Mo gbà pé èrò yẹn wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé kan tó gbé ohùn ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà Cnut dára fún un. Ó bí Harthacnut àti Gunnhild; ní 1023, nígbà tí wọ́n ń gbé òkú Ælfheah, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí àwọn ọmọ ogun Dẹ́ńmáàkì pa ní 1012, lọ sí Canterbury, Emma mú Harthacnut kékeré lọ pàdé wọn ní Rochester. Àwòrán kan wà nínú ìwé àwọn mọ́ńkì Winchester, tí wọ́n yà ní nǹkan bí 1031, tí òun àti Cnut dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú wúrà kan, òun lápá kan, ọba lápá kejì. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pàápàá di okùn tí wọ́n fi ń so ilẹ̀ pọ̀: Godgifu lọ sílé ọkọ ní ilẹ̀ Faransé, Gunnhild sì fẹ́ Henry ọmọ ọba Jámánì ní 1036, ó sì kú ní 1038.

Ìgbà tí Cnut kú, ní ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, 1035, ni gbogbo gbèsè náà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Harthacnut wà ní Dẹ́ńmáàkì, ọba Nọ́wè ń halẹ̀ mọ́ ọn, kò lè kúrò níbẹ̀. Harold ọmọ orogún gba ìjọba díẹ̀díẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí Winchester láti kó ohun iyebíye Cnut kúrò lọ́dọ̀ Emma. Ní 1036 àwọn ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ gbéra láti Normandy. Edward padà sẹ́yìn. Alfred wọ ilẹ̀, ìjòyè Godwin mú un ní Guildford, wọ́n pa àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, wọ́n fọ́ ọ lójú, wọ́n sì gbé e lọ bá àwọn mọ́ńkì Ely, níbi tó kú sí. Ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n sin ín sí, nítòsí ilé-ìṣọ́. Ta ló pè é wá? Lẹ́tà kan wà tí wọ́n ní orúkọ Emma wà nínú rẹ̀, tó ń rọ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ọ̀kan nínú wọn wá. Mọ́ńkì rẹ̀ ní ayédèrú ni, pé Harold ló kọ ọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀; ó sì lè jẹ́ pé ìyá náà, tí Harthacnut kò dé, rántí àwọn ọmọ tó ti fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní 1037 wọ́n lé e jáde nínú òtútù líle, ó sì lọ bẹ̀bẹ̀ ibùgbé ní Bruges lọ́dọ̀ Baldwin, aláṣẹ Flanders.

Harold kú ní 1040, Harthacnut sì jọba. Ní 1041 wọ́n pe Edward wá sílé, Harthacnut kú níbi àsè ìgbéyàwó ní Lambeth ní oṣù kẹfà 1042 pẹ̀lú ife lọ́wọ́, Edward sì di ọba. Ẹjọ́ tí ọmọ yín bá Emma rò, Edward fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò ó. Ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, 1043, ó gun ẹṣin láti Gloucester pẹ̀lú Godwin, Leofric àti Siward, àwọn ìjòyè mẹ́ta tó ga jù nílẹ̀ náà, wọ́n já wọlé bá ìyá rẹ̀ ní Winchester láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo wúrà àti fàdákà tó ní. Ìdí tí akọ̀wé ìtàn kan kọ sílẹ̀ ni pé ó ti le mọ́ ọba ọmọ rẹ̀ jù, pé ohun tó ṣe fún un kò tó bí ó ṣe fẹ́, kí ó tó jọba àti lẹ́yìn tó jọba. Gbogbo ìgbà tí mo bá ka ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọmọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ló ń sọ ohun tí ọmọ kékeré kì bá sọ.

Emma mọ ẹjọ́ náà, ó sì gbìyànjú láti jẹ́ ẹ kí wọ́n tó pè é. Láàárín 1041 sí 1042 ni mọ́ńkì Saint-Omer yẹn kọ ìwé rẹ̀, kò sì dárúkọ Æthelred níbì kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ka ìwé náà nìkan kò ní mọ̀ pé Emma ti lọ́kọ rí kí ó tó fẹ́ Cnut. Ẹ̀dà rẹ̀ kan tó jáde síta ní 2008 fi hàn pé wọ́n tún ìparí rẹ̀ kọ lẹ́yìn tí Edward gorí ìtẹ́, kí ó lè dùn mọ́ ọba tuntun. Ní ti ìtàn pé Edward mú kí ó rìn lórí irin ìtúlẹ̀ tó gbóná pípọ́n nítorí ẹ̀sùn àgbèrè pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù, ẹ má kó o mọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ óò sọ fún ọmọ náà. Àlọ́ tí wọ́n pa lẹ́yìn ikú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni.

Ní ti àwọn àpótí tí ẹ rí, mẹ́fà ni wọ́n. Ní 1642 àwọn ọmọ ogun da àwọn egungun inú wọn rú, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀. Ní 2019 àwọn onímọ̀ kéde pé ó kéré tán, ènìyàn 23 ni egungun tó lé ní 1,300 náà jẹ́ tiwọn, àti pé obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú wọn tó lè jẹ́ Emma. Ohun tó tọ́ kí a sọ kò kọjá "lè jẹ́" yẹn.

Bí ẹ bá tún padà lọ, ẹ mú ọmọ yín jáde sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n fi bíríkì sàmì ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sínú koríko níbẹ̀, ọmọdé lè rìn lórí rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ kan dé èkejì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n sin Emma sí nígbà tó kú ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, 1052. Æthelred wà ní London, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Páúlù Mímọ́. Alfred wà ní Ely. Ẹ̀gbẹ́ Cnut ni wọ́n tẹ́ Emma sí, Harthacnut náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.